Igi Ìgbálẹ̀ Inú Àpò Mi

Ìyàwó mi àtàtà,

Ara mi dá ṣáṣá. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi ọkọ̀ tó so kọ́ sórí wáyà gun òkè bí ọba. Èmi ni mò ń tilẹ̀kùn rẹ̀. Tọkọtaya tọmọtọmọ ló ń wá gbafẹ́ níbẹ̀, èmi náà ni mò ń yà wọ́n ní fọ́tò.

Lánàá, mo lọ ra bàtà fún ọmọ wa. Mo yọ igi ìgbálẹ̀ tí o fi wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí mò ń kúrò nílé. Olùtajà ní ọmọ ọdún méjì ló ni ẹsẹ̀ yẹn. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò sọ fún un pé tiwa ti di akáyín ọmọ ọdún méje.

Jọ̀ọ́, ṣẹ́ igi mìíràn, kí o tún ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ̀n. Bá mi kí i. Ní kó rọra máa dàgbà o.