Orúkọ Láti Ẹnu Vitomir

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù kejì, 1931
Ọkùnrin ni. Ó ké dáadáa. Èmi àti Radoje ọkọ mi kò yọ̀ síta — ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta
Ìjọba ti bẹ̀rẹ̀. (Ìyá ọkọ mi ni. Kò mọ̀ pé mo ń pè é bẹ́ẹ̀.) Ó ní Vitomir, bàbá ìsàmì wa, kò gbọdọ̀ sọ èyí lórúkọ. Òun ló sọ àwọn méjì àkọ́kọ́ lórúkọ. Slavoljub: ẹni tó fẹ́ràn ògo. Miroslav: ẹni tó fi àlàáfíà gba ògo. Ìkíní lo oṣù mẹ́rin láyé, ìkejì lo ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ìjọba ní, "Ṣé ògo ni ọmọ ọwọ́ ń mu ni? Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tí ikú ń dà láàmú máa ń sọ ọmọ ní Stojan, kó lè dúró. Tàbí Vuk, ìkookò, kí àjẹ́ má lè jẹ ẹ́." Stojan wù mí. Ṣùgbọ́n bàbá ìsàmì ló ni orúkọ, ta ní ń bi ìyá ọmọ?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin
Ilé Vitomir ló ti ń sọ ọmọ ilé yìí lórúkọ láti ìgbà bàbá bàbá Radoje. Radoje lọ sọ fún un pé ó tó. Ó ní igi tí ọkùnrin náà ń gbẹ́ ló ń gbẹ́ lọ. Ojú tì mí. Ẹ̀rù sì ń bà mí ju ìtìjú lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà
Ṣé orúkọ lè pa ọmọ? Àlùfáà ní irọ́ ni. Ọmọ mẹ́fà tirẹ̀ wà láàyè — kí ló mọ̀?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje
Ọ̀la. A ó gbé ọmọ sí oríta ọ̀nà ìlú Knjaževac, bí àṣà àwọn bàbá wa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá, olè ni o, ọ̀tá ni o, òun ni bàbá ìsàmì tuntun. Orúkọ tó bá sọ ọ́ náà nìyẹn. A ò lè kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ
Ìjọba tẹ́ awọ àgùntàn sórí yìnyín, ó gbé ọmọ lé e. Èmi àti Radoje sá pamọ́ sẹ́yìn igi. Kò pẹ́, ẹnìkan yọ. Vitomir!

Radoje mí kanlẹ̀. Ìjọba fọwọ́ bo ẹnu. Yìnyín ti bo fìlà ọkùnrin náà — ó ti ń ṣọ́ wa tipẹ́. Ó gbé ọmọ náà. "Èmi ni mo kan pósí àwọn méjèèjì. Àbí ẹ rò pé mi ò sunkún? Ògo tó gẹ́ẹ́. Stojan ni o. Kó ṣáà dúró."

Orúkọ tí mo ń fẹ́, láti ẹnu tí mo ń sá fún. Orúkọ ni yóò ṣẹ, àbí ẹnu? Ìjọba ní àṣà ni àṣà, ó ti parí. Òun àti Radoje àti Vitomir ń mu ọtí ní yàrá kejì. Ọmọ ti mu ọmú, ó ti sùn. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìlà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé ọwọ́ lé e láyà.