Ọmọ Wa Di Olórí Ìgbìmọ̀ Àwọn Ọba

                                        Yàrá Òkè, Ilé Alágbàfọ̀,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ọkọ àtọmọ. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ó ti ń gbọ́ràn báyìí, àbí ó ṣì ń bá yín ṣagídí tí ẹ bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ náà ti fi wọ́n sílẹ̀? Ẹ bá mi kí wọn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n yé bá dókítà jiyàn. Ní tiwa, ara wa le. Òjò ni kò jẹ́ kí aṣọ àwọn oníbàárà gbẹ bọ̀rọ̀. A ta okùn yí ilé ká débi pé a ní láti bẹ̀rẹ̀ ká tó lè dé ìdí ààrò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ráhùn? Alágbàfọ̀ tí kò rí ibi gbẹ́sẹ̀ lé nínú ilé rẹ̀, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá ibì kan jókòó sí kí ẹ tó ka èyí tó kù, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé gbọ́ lóòró. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ yín tí ẹ sọ ní Màmá Jẹ́jẹ́, ti gba ife ẹ̀yẹ! Ẹnu ló sì fi gbà á. Mo tún un sọ o: ẹnu ló fi gbà á.

Ẹ ṣáà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń há sí i lẹ́nu láti kékeré. Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n ní kó kàwé níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sín in jẹ, tó fi sáré jáde. Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ ra nǹkan, á kàn nawọ́ sí i ni. Níbi iṣẹ́ tó ti ń ṣe awò ojú, yàrá ẹ̀yìn ló yàn. Á jókòó ti ẹ̀rọ, á máa lọ awò títí á fi bá férémù mu, á sì kí wọn pé ó dàárọ̀ láìjẹ́ pé ó bá ẹlòmíì sọ ju ìyẹn lọ.

Géèmù tó ń gbá lórí kọ̀ǹpútà ló ti gba ife náà, àní èyí tí ẹ ní kí n yọ wáyà rẹ̀ nígbà tí ẹ wá kí wa! Ayé àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. Olúkúlùkù á yan ọba kan, á tẹ ìlú dó, á mọ odi, á dáko, á wá bí ìjọba rẹ̀ á ṣe borí. Ogun ni àwọn ọba kan mọ̀. Òwò ni àwọn mìíràn mọ̀. Ọmọ mi ní tirẹ̀ a máa yan ọbabìnrin kan tí ọmọ ogun rẹ̀ kò pọ̀, tí odi rẹ̀ kò ga. Àdéhùn ni agbára tirẹ̀. Ìlú tó bá bá a ṣọ̀rẹ́, oko wọn á so sí i, oko tirẹ̀ náà á so sí i. Bó bá di ìparí, gbogbo ọba tó bá ṣì wà lórí ìtẹ́ á pe ìgbìmọ̀, wọ́n á dìbò, ẹni tí gbogbo wọn bá fọwọ́ sí ló borí. Àwọn tó mọ géèmù náà kì í yan obìnrin yìí. Wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù.

Nílé, ẹ̀rọ ló ń bá gbá, ìka ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Àmọ́ ilé ìkàwé wa máa ń ṣe ìdíje géèmù náà lọ́dọọdún, níbi tí ẹni kọ̀ọ̀kan ti máa ń fi máìkì bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, tí gbogbo gbọ̀ngàn á sì gbọ́. Ọmọ yìí lọ forúkọ sílẹ̀ láìsọ fún mi! Olùtọ́jú ilé ìkàwé ló ta mí lólobó nígbà tó wá gba kọ́tìnnì tó kó fún wa fọ̀. Mo bá a níbi tó ti ń ká aṣọ ibùsùn, mo ní kó jọ̀ọ́, kó kúkú yan jagunjagun, kó nà wọ́n láì la ẹnu.

Ó ká etí aṣọ náà tán kó tó dáhùn. “Màmá, tí m-mo bá yan jagunjagun, mo lè b-borí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe lọ náà ni m-máa ṣe padà wálé.”

Mo bá a lọ aṣọ tó máa wọ̀.

Nígbà tó di Sátidé, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Wọ́n gbé ojú àwòrán ńlá kan sára ògiri kí gbogbo wa lè máa rí bí ogun ṣe ń lọ. Àwọn mẹ́rin ló kù tó fẹ́ gba ife náà: ọmọ mi, nọ́ọ̀sì kan tó ń gbẹ̀bí, onígẹ̀run kan tí wọ́n ń pè ní Abẹ, àti mẹkáníìkì kan tí wọ́n ń pè ní Àrá, ẹni tó gba ife lọ́dún tó kọjá. Ẹ gbọ́ ohùn Àrá yìí, ẹ ó rò pé ẹ́ńjìnnì lọ́rì ló ń kí yín.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ọmọ mi há. Àwọn ọ̀dọ́ kan lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan tiẹ̀ ń sín in jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi, ìdí mi ti kúrò lórí àga! Ọmọ náà tẹrí ba díẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀.

“Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ọ̀dá ti d-dá yín lóko. Mo ń fi ọkà r-ránṣẹ́. Mi ò b-bèèrè nǹkan kan.”

Nọ́ọ̀sì ní, “Ṣé kì í ṣe pé o ti po májèlé mọ́ ọn?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ó bá Abẹ náà mulẹ̀: Abẹ ló ni àwọn òkè tó wà láàárín, ọmọ mi sì ń ràn án lọ́wọ́ láti kan ọkọ̀ ojú omi.

Ìgbà tó yá, Àrá kọlu Abẹ. Ó gba ìlú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń já ọsàn, ó wá kọjú sí ọmọ mi. “Àbúrò, yọwọ́ lọ́rọ̀ Abẹ. Ká pín ilẹ̀ ẹ̀ sí méjì. Tó ò bá gbà, ọ̀dọ̀ ẹ ni mo ń bọ̀.”

Abẹ dorí kodò. Ọmọ mi la ẹnu, ohùn kò jáde. Olùtọ́jú ilé ìkàwé bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, ó ní ó lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ó mi orí. Ẹnì kan kígbe pé, “Gbà, jàre!” Ó na ọwọ́ sókè pé kí wọ́n ní sùúrù.

“Bọ̀dá, mo ti... m-mo ti bá a m-mulẹ̀. Mi ò ní d-dalẹ̀.”

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ti sún dé etí àga.

Àrá kò ṣàwàdà. Ó dáná sun àwọn ìlú etíkun ọmọ mi. Báàgì ni mo fi bojú. Bàbá àgbà kan tó jókòó tì mí ló ń ròyìn fún mi, bẹ́ẹ̀ ni mi ò bẹ̀ wọ́n o: “Wọ́n ti wọ ẹnu odi! Ilé ọkà ti lọ!” Àfi bí wọ́n ṣe fò dìde tí wọ́n ní, “Ọkọ̀! Ẹ wo ọkọ̀ ojú omi!” Mo ṣíjú. Nọ́ọ̀sì ló ń bọ̀ yẹn, tòun ti àwọn ọmọ ogun tó ti yó lórí ọkà tí ọmọ mi fi ránṣẹ́. Abẹ ṣí ọ̀nà òkè sílẹ̀ fún wọn, wọ́n gba ẹ̀yìn yọ sí Àrá, wọ́n sì dínà ilé mọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Olú-ìlú rẹ̀ wá kù ní gbangba, kò lódi, kò lólùgbèjà.

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n wọlé kí wọ́n parí ẹ̀. Èmi náà ń pariwo lábẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n parí ẹ̀! Ṣùgbọ́n ìlú kan ṣoṣo ló kù fún Abẹ, bí ogun bá sì tún gùn, òun ló máa kọ́kọ́ parẹ́. Ọmọ mi rí i. Ó ní kí àwọn ọ̀rẹ́ òun dúró ná, ó wá yíjú sí Àrá. Àrá gan-an gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó káwọ́ gbera, ó ń dúró de ọ̀rọ̀.

“Bọ̀dá, ẹ d-dá ìlú Abẹ padà fún un. A ó kó ogun kúrò l-lẹ́yìn yín. Ẹ ó jókòó ní ìgbìmọ̀ p-pẹ̀lú wa. Ìbò yín ni mo f-fẹ́, mi ò fẹ́ orí yín.”

Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán. Kò sẹ́ni tó bá a parí ẹ̀, kò sẹ́ni tó wúkọ́. Àrá bú sẹ́rìn-ín tí máìkì fi ń han. “Àbúrò, èmi tí mo dáná sun ilé ẹ?” Ọmọ mi ní, “Ẹ̀yin náà ni.” Ọkùnrin náà ní òun gbà, ó dìbò fún un, Abẹ àti Nọ́ọ̀sì náà dìbò fún un, ife di tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi tí mo ti pinnu pé máa ṣe bí àgbà, orí àga ni mo bá ara mi. Bàbá tó jókòó tì mí ń bèèrè pé ọmọ ta ni. Mo ní, “Èmi ni mo bí i o! Inú mi yìí ló ti jáde!” Abẹ wá dì mọ́ ọn, omi lójú. Ó ní gbogbo ọdún tóun ti ń gbá géèmù yìí, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí ìlú tirẹ̀ jóná nítorí òun rí.

Nígbà tí a dé ibùdókọ̀, ọmọ yín ń ròyìn ogun náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń há, ó ń já gbà, ọwọ́ rẹ̀ ń júwe òkè àti òkun. Bọ́ọ̀sì dé, ó lọ. Òmíràn dé, ó lọ. Ta ló fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì? Ọ̀rọ̀ kò tíì tán.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí ìyàwó àkọ́bí yín, ẹ sì ní kí àwọn ọmọ-ọmọ yín máa múra sílẹ̀: ọba ni àǹtí wọn. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun fúnra òun ni yóò pè yín lórí fóònù lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí ẹ bá gbé e tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gé e. Ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lọ́nà.

Èmi ni tiyín, tí orí mi ń wú síbẹ̀,

Àbúrò yín,
Alágbàfọ̀.