Ọ̀sẹ̀ Méjì Tí Mo Jẹ Ọ́

Ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ ká yanjú gbèsè. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo jẹ ọ́. Nígbà tí o pè tí o béèrè ibi tí ọmọ rẹ dé nínú irin tí a fi ń mú ihò ìdí rẹ̀ fẹ̀, tí mo ní ó ti dé nọ́ńbà mọ́kànlá, irọ́ ni, mẹ́sàn-án ló wà. Mo ti sọ ọ́.

Ó yá, ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ẹkún pe ara wa. Ara mi le, àmọ́ mi ò lè jókòó sójú kan. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde lọ wo àpò ìgbẹ́ tó wà lẹ́nu ihò tí dókítà ṣí síkùn ọmọ bóyá ó ń jò.

Kádì tí nọ́ọ̀sì ní kí n máa máàkì láàárọ̀ àti lálẹ́, bí mo bá ti ki irin bọ ihò ìdí tuntun tí dókítà ṣe fún ọmọ, ọjọ́ tí mo gbà á ni mo ti máàkì ẹ̀ tán títí dé irin kẹtàlá, kí wọ́n má bàa bá gbèsè lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ọmọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí lójú kó tó sunkún, ọwọ́ mi kọ iṣẹ́, mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kádì ni mo kà sí ọ létí.

Lọ́jọ́ kejì ìpè rẹ ni mo ní kí n san gbèsè náà. Mo ṣáà ka ìwé mẹ́fà, mo mọ̀ pé wọ́n máa ń fo ọmọ ní kíláàsì. Ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni irin ń tóbi sí i, mo bá fo mẹ́wàá, mo mú mọ́kànlá. Kò wọlé, ẹ̀jẹ̀ yọ. Mo pọ̀n ọ́n, mo sáré lọ ọsibítù. Nọ́ọ̀sì wo kádì, ó wo ìdí ọmọ, ó ní Màmá, ṣé iléèwé ni ìdí yìí ń lọ ni? Ó ní wọn ò bí ihò yẹn mọ́ ọn, tí a bá fi sílẹ̀ ó máa fún padà, wọ́n á sì tún fi abẹ là á. Ó fún mi ní kádì tuntun.

A padà sí mẹ́sàn-án, a ṣe mẹ́wàá. Lánàá, mọ́kànlá wọlé, ọmọ tọ̀ sí mi lára, mo dúpẹ́. Ìyá aránṣọ ilé kejì ló ń bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, àmọ́ ó ń sunkún ju ọmọ lọ. Ìparí oṣù ni dókítà máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kẹtàlá kò bá wọlé, wọn ò ní dí ihò ikùn, àpò ò sì ní kúrò.

Owó àpò mẹ́wàá ni mo fẹ́, owó ìpara tí mo fi ń pa irin, àti owó ọkọ̀ wa ní àlọ àtàbọ̀. Má fi sí báńkì o, wọ́n á yọ tiwọn níbẹ̀. Gbé e wá fúnra rẹ. Ẹsẹ̀ ọmọ rẹ, ìwọ ni kí o wá dì í mú.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o rí i tó máa jókòó sórí póò, tó máa fi ìgbẹ́ tirẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Èmi ni ìyá rẹ.

Èsì lẹ́tà yìí, mi ò fẹ́ kí o kọ ọ́. Ọjọ́ tí a máa mú irin méjìlá ni mo ń retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, Ọjọ́ Ẹtì.