Ìwé Aláwọ̀ Ewé Tí Mo He ní Múṣín

Abúlé Ìdí-Ẹmi,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá, 1988.

Àkàngbé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé òjò ò wọnú yàrá yín mọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ aṣọ lórí okùn tí afẹ́fẹ́ ò fi gbé e lọ ni yóò máa bá wa ṣọ́ ọ. O ò ní ṣìnà, o ò ní ṣòfò, ohun tó jẹ́ tìrẹ ò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èmi fúnra mi ni mò ń kọ lẹ́tà yìí o, ẹ̀kọ́ àgbà tí mo lọ ti ń so èso. Ibi tí o bá ti rí i pé báírò dúró, ìyá rẹ ló pè mí níbẹ̀.

Orúnkún ìyá rẹ ti ń fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì lè kúnlẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn ṣìnà lọ sílé Ọ̀ṣẹ́nì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, nígbà tí mo lọ mú un, Ọ̀ṣẹ́nì ní òun rí i he ni, pé ohun tí èèyàn bá he ti di tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ ká rí nǹkan he yìí ló dà wá láàmù nílé báyìí, òun gan-an ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ.

Lẹ́tà tí o fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ mi. O ní ohun pàtàkì kan sọ nù ní yàrá rẹ lọ́jọ́ tí mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ, o ò sọ ohun tó jẹ́, o kàn ní Ayọ̀miídé tẹ́ ẹ jọ ń gbé ló jí i, pé ẹ ti jà, ó sì ti kó ẹrù ẹ̀ jáde. Ó dùn mí gan-an. Ọmọ yẹn ló ń pọnmi ìwẹ̀ fún mi ní gbogbo ọjọ́ mẹ́fà tí mo fi wà ní Múṣín, kò jẹ́ kí n fọ abọ́ tí mo fi jẹun rí. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni ni ọmọ ẹni, mo gbàdúrà pé ẹni yòówù tó bá gbé nǹkan ọ̀hún, kí ọwọ́ ẹ̀ máa gbọ̀n títí yóò fi dá a padà. Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ tèmi náà ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, mo rò pé ti ọjọ́ orí ni.

Wàá rí i pé èmi náà rí nǹkan he lọ́dọ̀ yín. Láàárọ̀ tí mo ń bọ̀ nílé, tí o ti lọ pe takisí tí yóò gbé wa dé gáréèjì Ọ̀tọ̀, mo ń fọwọ́ tá ògiri bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín tó ṣókùnkùn, ẹsẹ̀ mi bá kọ nǹkan lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ. Ìwé kékeré kan ni, aláwọ̀ ewé, wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n fi rọ́bà dè é. Mo bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta pé ta ló ni ín. Obìnrin kan tó ń fọ ìkòkò ní kí n sọ ọ́ sápò jàre, pé l'Ékòó, ohun tí èèyàn bá he, orí ẹ̀ ló gbé e fún un. Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè, ṣùgbọ́n awakọ̀ ń fun fèrè, ìwọ náà ń pariwo pé kí n máa bọ̀, ni mo bá tì í bọ àpò agbádá, mo sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ títí ìyá rẹ fi fẹ́ fọ aṣọ.

O mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá he nǹkan gbọ́dọ̀ kéde ẹ̀. Mo kéde ẹ̀ lọ́jà. Ọ̀ṣẹ́nì kan náà ló jáde pé tòun ni. Mo bi í pé kí ló wà nínú ẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ni. Ó sì mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ ló kún inú ẹ̀ lóòótọ́, díẹ̀ ló kù kí n gbé e fún un.

Ni mo bá mú un lọ sọ́dọ̀ Tíṣà Yẹ̀kínnì, tíṣà tuntun tí ìjọba gbé wá síléèwé wa, pé kó bá mi ka òyìnbó inú ẹ̀. Tíṣà ní páásípọ́ọ̀tù ni. Mo ní kó má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo mọ páásípọ́ọ̀tù, mo ya méjì nígbà tí wọ́n ń forúkọ àwa àgbẹ̀ sílẹ̀, fọ́tò kékeré tó mọ lórí àti ọrùn ni, ta ló ń fi odindi ìwé ṣe páásípọ́ọ̀tù? Ó ní irú èyí yàtọ̀. Ó ka ojú ewé àkọ́kọ́ fún mi, ó ní ìjọba àpapọ̀ ló ń bẹ gbogbo ayé pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó bá mú ìwé yìí lọ́wọ́ kọjá láìsí ìdíwọ́. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Mo wo ọwọ́ mi, èmi ni mo mú un lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì tí àwọn ọlọ́pàá dá mọ́tò wa dúró lọ́nà ọjà, mo yọ ìwé náà sí wọn. Ọ̀gá wọn wo ìwé, ó wo ojú mi, ó tún wo ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní kí bàbá àti gbogbo ẹni tó wà nínú mọ́tò máa lọ. A ò san kọ́bọ̀. Ìwé náà ń ṣiṣẹ́.

Mo padà sọ́dọ̀ Tíṣà pé kó ka ìyókù. Ó ní orúkọ tó wà níbẹ̀ ni Ọ̀jẹ̀túndé Julius. Orí mi wú. Ọ̀jẹ̀túndé, èmi nìyẹn, àìsí àmì lórí ẹ̀ ni mi ò fi dá a mọ̀. Mo ní ìwé mi ló wá mi kàn ní Múṣín. Tíṣà ní Julius ńkọ́, mo ní bóyá oríkì Ọ̀jẹ̀túndé lóyìnbó ni. Ó ní òǹtẹ̀ ìlú Jámánì wà nínú ẹ̀, pé bí ẹni tó ni ín ò bá tíì wọ ìlú ọ̀hún kí oṣù kẹwàá yìí tó parí, òǹtẹ̀ náà á bàjẹ́. Mo gbé e símú, kò tíì rùn.

Nígbà tí mo délé ni ìyá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó wo fọ́tò inú ẹ̀ pẹ́, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún yẹn. Ó ní ọmọ òun nìyí. Mo ní irọ́ ni, ọmọ wa kì í wọ táì, ọmọ wa ń ta páàtì mọ́tò ní Ládìpọ̀, Àkàngbé lorúkọ ẹ̀. Ó ní òun ò ka orúkọ, òun wo etí ni. Mo wo etí náà. Etí bàbá mi ni.

Àkàngbé, ọ̀rọ̀ yìí dà rú mọ́ mi lójú. Bí ìwé náà bá jẹ́ tìrẹ, ó jẹ́ pé èmi lolè tí o ń wá, tí o torí ẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ jáde. Ṣùgbọ́n mi ò jalè, mo he é ni, mo sì kéde ẹ̀. Ìwọ náà, níbo lo ti he Julius? Ṣé o kéde ẹ̀ kó tó di tìrẹ? Ọjọ́ mẹ́fà ni a jọ jẹun nínú abọ́ kan, o ò sọ pé o ń lọ síbì kankan. Mo kọ́kọ́ rò pé páàtì lo fẹ́ lọ rà kí o sì padà lọ́jọ́ ọjà kejì. Tíṣà ní Jámánì kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ ní kí a fi í pa mọ́ sí àjà. Ó ní oṣù á parí, òǹtẹ̀ á bàjẹ́, ọmọ òun á jókòó, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Kí n má purọ́, mo gbé àkàbà. Mo gun ún dé ìdajì. Ohun tí mo ń sọ fún Ọ̀ṣẹ́nì lórí ọmọ ewúrẹ́ ló dá mi dúró síbẹ̀, pé ẹni tó rí nǹkan he tó lóun ó kú tì í, kí ni ẹni tó sọ ọ́ nù yóò ṣe? Mo sọ̀ kalẹ̀.

Kíkẹ́ àbúrò rẹ tó ń bọ̀ wá rajà ní Tejúoṣó ni mo fi ìwé náà rán, ó wà láyà ẹ̀. Bó bá ti dé ọwọ́ rẹ, wá Ayọ̀miídé lọ níbikíbi tó bá wà, dọ̀bálẹ̀ fún un, sọ pé bàbá rẹ ló mú un. Ọwọ́ mi ti fẹ́ẹ̀ má gbọ̀n mọ́.

Bí o bá ní owó lọ́wọ́, bá wa fi díẹ̀ rán Kíkẹ́ bọ̀. Òróró ìpara orúnkún ìyá rẹ ti tán, epo àtùpà náà ti tán, mo sì jẹ ẹni tó bá mi lu agogo lọ́jà ní náírà méjì. Ti ẹ̀bùn ẹni tó rí nǹkan he, mi ò gbowó. Máa kọ lẹ́tà nìkan.

Ibi tí o bá ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ á mọ̀ ọ́n. Oúnjẹ ibẹ̀ á bá ọ lára mu. Wọn ò ní fi ọ́ pe ẹlòmíràn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, o ò ní jẹ́ kó dùn jù fún ọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọ̀jẹ̀túndé.

Mo gbàgbé. Ojú ewé tó ṣófo pọ̀ nínú ìwé yẹn, wọ́n kàn fi ń ṣòfò. Níwọ̀n ìgbà tó ti sọ nù lẹ́ẹ̀kan, mo fi báírò pupa kọ nǹkan sí ọ̀kan níbẹ̀, gàdàgbà gadagba kí àwọn Jámánì lè rí i, pé: Ẹni tó bá rí ọmọ yìí he, tiwa ni. Àkàngbé lorúkọ ẹ̀. Ẹ bá wa dá a padà sí Ìdí-Ẹmi, ìyá ẹ̀ ń dúró.