Ajá Arúgbó Tó Dá Mi Dúró sí Àbíjàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ràfíù, ẹ̀yin tí ẹ gba ọ̀já lọ́wọ́ ìyá wa nígbà tí ọlọ́jọ́ dé, tí ẹ sì fi pọ̀n mí dàgbà. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo kí baálé, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí Ràfíù ọmọ yín tí yóò ka lẹ́tà yìí sókè. Kí ó má fo ìlà kankan, nítorí gbogbo ẹbí ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ.

Ẹ ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀ nílé pátápátá kó tó di Iléyá, pé orúnkún yín ò gbé yín dé ẹnu ọ̀nà mọ́, pé ẹ fẹ́ fojú rí mi. Mo gbọ́ pé ẹ bi àwọn tó ti ọ̀dọ̀ mi bọ̀ pé kí ló dá mi dúró, ṣé obìnrin ni. Ajá ni.

Sùúrù, ajá ńlá tó ń ṣọ́ ìsọ̀ mi látìgbà tí ìyàwó mi ti wà láyé, ti darúgbó. Ìbàdí rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun bí omi ògì, bí òjò bá sì ti ṣú ni ó máa ń wúkọ́. Òjò ibí yìí kì í tètè dá. Mo máa ń fi oògùn sínú ẹja fún un. Á jẹ ẹja, á tu oògùn sílẹ̀. Dókítà ẹran ní abẹ́rẹ́ kan wà tí yóò fi sùn lọ. Ọmọ mi ní kí n gbà, kí n lè tètè wálé. Mo bi dókítà bóyá ìrora ti pọ̀ jù fún un. Ó ní rárá, ó ṣì ń jẹun, ó ṣì ń ju ìrù, ẹni tí yóò máa gbé e dìde ló kù.

Ọ̀já yín ni mo fi ń gbé e, èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ nígbà tí a bí àkọ́bí mi. Mo máa ń gbà á kọjá lábẹ́ ikùn rẹ̀, mo di etí ọ̀já méjèèjì mú, òun á fi ẹsẹ̀ iwájú rìn, èmi ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Àwọn aládùúgbò, tí wọ́n ń pè mí ní Tọ́ńtọ́n, ìyẹn bọ̀ọ̀dá lédè Faransé ibí, ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, “Tọ́ńtọ́n, ọmọ yín mà ti hu irùngbọ̀n.” Mo ní aṣọ ọ̀tọ̀ tí mo fi ń tọ́jú rẹ̀, mo sì ń bọ́ aṣọ náà sílẹ̀ kí n tó kírun. Ẹ má bínú sí mi nítorí ọ̀já.

Ẹ rántí Ẹ̀yìnlàárò, ajá ọdẹ bàbá wa. Bí ó bá ti gbó lọ́nà Másífà, ẹ̀yin á ti gbé omi kaná, ẹ ti mọ̀ pé bàbá ń bọ̀. Òórùn iṣu sísun ọjọ́ wọ̀nyẹn ṣì ń bá mi sùn. Bàbá á ju ti ajá sí i kó tó fún wa ní tiwa.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Ẹ̀yìnlàárò rọ, bàbá rìnrìn àjò, ó ní kí n máa gbé e síta láràárọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ dé. Ojú ń tì mí kí àwọn ẹgbẹ́ mi rí tíṣà tó ń gbé ajá. Mo gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo lọ jù ú sí ahéré kan tí wọ́n ti pa tì lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Mo dé, mo ní ó sá lọ.

Ẹ wò mí. Ẹ ní, “Ẹsẹ̀ wo ló fi sá?”

Mo ti kẹ̀kẹ́ wọlé. Ẹ jáde, ẹ ń pe orúkọ rẹ̀ káàkiri títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá dé, ẹ kò tú mi fó. Bàbá wa kú, ó rò pé ajá òun ló kọ òun sílẹ̀. Ìdáhùn yín rèé, ó mà pẹ́ o: kò sá. Èmi ni mo jù ú nù. Ẹ dárí jì mí.

Mò ń bọ̀, àmọ́ ó di ìgbà tí mo bá sin Sùúrù. Ẹ dákun, ẹ dúró dè mí. Bí mo bá dé, èjìká mi ni ẹ máa fi ṣe ọ̀pá dé ẹnu ọ̀nà. Mo ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń rìn pẹ̀lú ẹni tí kò lè yára.

Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú rínjú. Ẹ kò ní sunkún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ pọ̀n,
Múfútáù