Ilẹ̀kùn Odi Tó Wà Lórí Kábéèjì Fadá

Ilé Ìdáná Àwọn Ọmọ Ogun,
Inú Odi Zawierzyn,
Etí Odò Narwica,
Pólàǹdì.
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1939.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Wincenty,

Báwo ni gbogbo yín lódìkejì odò? Ṣé Apolonia ìyàwó rẹ wà dáadáa, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ẹ̀yìn rẹ tó máa ń dùn ọ́ nígbàkígbà tí iṣẹ́ bá yọjú, ṣé ó ti sàn? Mo bẹ Ọlọ́run pé kó ti sàn, nítorí mo ní iṣẹ́ fún un. Ní tèmi, mo wà láàyè, eruku ni mo sì fi ń wẹ̀ láti àná. Mo ti kí yín tán. Jẹ́ kí n sọ ohun tó bàjẹ́ fún ọ, àti ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Èkíní, odi wa kò ní ilẹ̀kùn. Fadá Hieronim mọ̀. Mejọ Tarłowski tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo wa nínú odi mọ̀. Ìwọ Wincenty, o mọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Èkejì, ọkọ̀ ogun onírin méjì tí wọ́n kọ sínú ìwé pé a ní, kò sí ẹ́ńjìnnì nínú wọn. Sájẹ́ǹtì Pazdur tó ń tọ́jú ẹrù ogun mọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì kọ̀wé nípa rẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á. Ẹ̀kẹta, èmi ni mo fà á. Màá débẹ̀.

O ò lè sọ pé o ti gbàgbé Ọdún Ara Olúwa ní oṣù Kẹfà. Àwọn obìnrin ìjọ rán ìbòrí tuntun tí wọ́n ń gbé sókè orí Fadá bí Fadá bá ń gbé Ara Olúwa, búrẹ́dì mímọ́, yí ìlú ká, wọ́n sì rán an fẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi bo ọjà. Ẹ̀yin mẹ́rin lẹ gbé ọ̀pá rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánrawò, ìwọ lo wà lápá òsì níwájú. Ẹ dé ẹnubodè, ìbòrí kò wọlé. O ha ìka mọ́ ilẹ̀kùn onírin, o sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akọrin fi dákẹ́. Ìwọ náà lo wá sọ pé, “Kí ló dé tí wọn ò kúkú yọ ilẹ̀kùn yìí dànù?” Ogójì ọmọ ogun pẹ̀lú ẹ̀rọ agbégi ilé ìlagi ló yọ ọ́, wọ́n sì gbé e lọ sẹ́yìn ilé Fadá. Mejọ ní tí àjọ̀dún bá ti parí, a óò dá a padà. Kò dárúkọ ẹni tí yóò dá a padà, kò sì dá ọjọ́.

Wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò ní Lwów pé iṣẹ́ tí kò lẹ́ni tí yóò ṣe é, tí kò lọ́jọ́, kì í ṣe iṣẹ́, àdúrà ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Fadá ní oṣù Keje. Wọ́n ní ṣé kò yẹ kí n dúpẹ́ pé ẹnì kan ṣì ń gbàdúrà. Mo tún sọ ọ́ ní oṣù Kẹjọ nígbà tí wọ́n gbé mi kúrò ní ilé iṣẹ́ wàrà wá sí odi láti ṣe olórí ilé ìdáná àti ìpèsè. Gbogbo àwọn ọ̀gá kàn mi orí sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́rú, ìròyìn dé pé àwọn ọkọ̀ ogun Jámánì ti wà ní ogún kìlómítà sí wa. Mo gba ẹ̀yìn ilé Fadá lọ.

“Fadá, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀kùn odi dà?”

“Ó wà ńbẹ̀, Kunegunda. Kò lọ síbì kankan.”

“Orí kí ló wà?”

“Orí kòtò kábéèjì tí a fi iyọ̀ pa mọ́ kó lè kan, òun la fi dé e. Àgbá mọ́kànlá ló wà nínú kòtò yẹn, ẹsẹ̀ gbogbo ìjọ la fi tẹ̀ ẹ́. Tí a bá ṣí i báyìí, kò ní kan dáadáa.”

“Fadá, àwọn Jámánì ń bọ̀.”

“Mo gbọ́. Ṣé wọ́n ní kábéèjì tí kò kan làwọn fẹ́ràn ni?”

Ká tiẹ̀ ní Fadá gbà, ẹ̀rọ agbégi ti bá àwọn ológun lọ sí ìlà oòrùn láti ọjọ́ Ajé, ogójì ọkùnrin kò sì lè dá gbé ilẹ̀kùn yẹn láìsí i. Mo padà lọ bá Sájẹ́ǹtì Pazdur.

O mọ Pazdur, ọkùnrin onírunmú funfun tó ka ìbọ̀sẹ̀ rẹ nígbà tó o ṣe iṣẹ́ ológun, tó ní ọ̀kan ti sọnù. Ó ti ń tọ́jú ẹrù ogun láti ìgbà ayé ọba Austria tó ń ṣàkóso wa tẹ́lẹ̀, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní ìṣó kan rí láìgba ìwé. Mo bi í pé kí ló ní tó lè dí ẹnubodè.

“Ọkọ̀ ogun méjì wà lẹ́yìn ilé ẹṣin, Màdáámú. Láti ogun tó kọjá ni. Adìyẹ Mejọ ń yé ẹyin sínú ọ̀kan.”

“Ṣé wọ́n lè rìn?”

“Rárá.”

“Ṣé wọ́n lè yìnbọn?”

“Ìyẹn nìkan ni wọ́n lè ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé.”

“Sájẹ́ǹtì, kí n tó rí gègé, Jámánì á ti dé.”

“Mo ní gègé lọ́wọ́.”

Mo fọwọ́ sí i. Ẹṣin mẹ́jọ ilé ìpọntí ló wọ́ wọn débẹ̀, àwọn ẹṣin tí kò fa nǹkan kan rí ju ọtí bíà lọ, ojú sì ń tì wọ́n. A ti ọ̀kan sí ẹnubodè, a ti ìkejì sẹ́yìn rẹ̀. Èmi ni mo wá pàṣẹ pé kí wọ́n kó òkúta àti yanrìn tì wọ́n títí dé ọrùn. O mọ ohùn mi. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́bọ̀ fi mọ́, ẹnubodè Zawierzyn ti dí bí ìgò tí wọ́n ti ìdérí bọ̀ lẹ́nu. Adìyẹ náà kò jáde. Pazdur wọlé jókòó tì í, ó sì ní orúkọ òun ló wà lórí ìwé ọkọ̀ náà, kò sẹ́lòmíì tí yóò yìn ín.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni àwọn ọkọ̀ Jámánì dé, méjìlá, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà. Èyí tó ṣíwájú ń bọ̀ bí àna tó wá mú ìyàwó. Ó yí kọ́nà, ó gun afárá orí yàrà, ó bá ọkọ̀ Pazdur pàdé lójúkojú, ó sì dúró. Mo rò pé ó ń wò ó bóyá ohun tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò láti máa yà ní fọ́tò ni. Ọta Pazdur àkọ́kọ́ ba igi tó wà létí odò. Èkejì já ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ ọkọ̀ Jámánì náà, ó sì gbé ìdí kalẹ̀ sórí afárá. Mọ́kànlá tó kù kò rí ọ̀nà gbà, wọ́n há sẹ́yìn rẹ̀ bíi màlúù lẹ́nu ọgbà, àwọn ọmọ ogun wa sì ń rọ̀jò ọta lé wọn láti orí odi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti kọ lù wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n padà.

Nígbà ìkọlù kejì, adìyẹ yé ẹyin kan. Mejọ sọ̀rọ̀ láti orí odi pé kí wọ́n gbé e wá fún òun, torí adìyẹ òun ni. Pazdur fèsì láti inú ọkọ̀ pé ẹyin tí wọ́n bá yé nínú ohun ìjà ìjọba, ti ìjọba ni, kí Mejọ kọ̀wé béèrè. Gbogbo orí odi bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ Jámánì kan dúró, bí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín.

Mi ò ní fi ẹ̀rín bo gbogbo rẹ̀ fún ọ. Mẹ́sàn-án kú. Fadá sin wọ́n sábẹ́ igi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Tekla apẹja tó gbé lẹ́tà yìí wá sì mú orúkọ wọn dání, kí wọ́n lè kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì tiyín. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n fara gbọgbẹ́. Pazdur wà lára wọn. Àfọ́kù irin wọ inú rẹ̀ nígbà ìkọlù kẹta, ó sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi padà kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà ní òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn tó wà lápá ọ̀dọ̀ yín kí alẹ́ ọ̀la tó lẹ́. Mo ní tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ńkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu awò ojú rẹ̀.

A wá kan ohun kẹta. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Mo dí ẹnubodè dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí Jámánì kò lè wọlé, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin wa kò sì lè gbé aláìsàn jáde. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí a ti ń pọnmi lódò. Ọkọ̀ Tekla kò gbà ju ẹnì kan lọ. Ìwọ ní ọkọ̀ pẹlẹbẹ méje tó o fi ń kó koríko. Márùn-ún ni mo fẹ́.

Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọ̀la, ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí márààrún wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Kùrukùru odò kì í ká kó tó di aago mẹ́sàn-án lásìkò yìí, àwọn tó ń yìnbọn kò sì ní rí yín. Tó o bá dé ní aago mẹ́wàá, wọ́n á rí yín bí eṣinṣin nínú wàrà. Kí atukọ̀ méjì-méjì wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tẹ́ koríko tó nípọn, kí ẹnikẹ́ni má kọrin. Má dúró de agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò ní dún. Wo aago tí mo rà fún ọ nígbà ìgbéyàwó rẹ, èyí tó o máa ń sọ pé ó ń falẹ̀. Aago náà kò falẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé ó ti wà lẹ́nu rẹ pé ká jẹ́ kó di ọjọ́ Ajé. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, Wincenty, ọjọ́ Ajé kò sì sí lórí ìwé dókítà. Sọ “bẹ́ẹ̀ ni” fún Tekla kó tó kúrò lójú rẹ.

Èmi kò sí lára àwọn tó ń bọ̀ o. Àwọn tó kù lórí odi ṣì ń jẹun, kábéèjì tí kò kan sì ni oúnjẹ. Fadá fúnra wọn ló ní ká gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kòtò ká yí àwọn àgbá jáde. Inú gbogbo wa ń kùn, Mejọ ní ìyẹn ló ń dẹ́rù ba Jámánì.

A kò ní ohun tí a ó fi gbé àwọn tó fara pa, bẹ́ẹ̀ ni Fadá mú ọ̀bẹ ìdáná mi, wọ́n gé ìbòrí Ara Olúwa sí márùn-ún. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n. Wọ́n kàn ní ó ti fẹ̀ jù tẹ́lẹ̀. Lórí èyí tí a so mọ́ ọ̀pá tìrẹ, ọ̀pá apá òsì iwájú, ni Pazdur dùbúlẹ̀ sí. Ìwọ ni yóò tún gbé e. Kò sí ilẹ̀kùn tí yóò ha ọ́ níka lọ́tẹ̀ yìí.

Bá mi kí Apolonia àti àwọn ìbejì. Kí ìyá wa, kó o sì sọ fún wọn pé mò ń jẹun. Pazdur ní òun kò ní kúrò nínú odi láìjẹ́ pé ẹni tó gba òun fọwọ́ síwèé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, mo kọ ọ́, ó wà nínú àpò lẹ́tà yìí: “Sájẹ́ǹtì, ẹyọ kan.” Ó fi àyè kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀ pé kí ẹni tó gbà á kọ ipò tó bá a. Bó o bá gbé e dé etí odò lápá ọ̀hún, kọ “láàyè” síbẹ̀, kó o fọwọ́ sí i, kí Tekla gbé e padà wá fún mi kí ọ̀sán ọ̀la tó pọ́n.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó kórìíra ìdúró, tó sì ń dúró dè ọ́,
Kunegunda.