Ìkòkò Omi Lórí Bàbá Ayọ̀kúnlé

Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì
9 Fẹ́búárì, 1934

Ẹ̀gbọ́n mi Akínbọ́lá,

Ẹ kú òtútù Jọ́ọ̀sì. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ikọ́ Màmá ti rọ̀ díẹ̀. Èmi ni ẹ̀yìn ń dùn látìgbà tí mo bí Ayọ̀kúnlé, ó sì ti rẹ̀ mí. Ẹ bá mi fi òróró ìpara ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Látìgbà tí wọ́n ti ṣèrìbọmi, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa hùwà bíi Jésù. Àwọn ló ń bá mi pọnmi báyìí, ọkùnrin onírùngbọ̀n láàárín àwọn obìnrin! Àdúgbò ń pariwo pé, “Sẹ̀gilọlá ti fi nǹkan sí ọbẹ̀ ọkọ rẹ̀!” Ọkọ mi kàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kí gbogbo èèyàn. Ojú tì mí, mo gbé ìkòkò wa pamọ́. Wọ́n lọ yá ti Mùínátù tó ń hun aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ ní kí wọ́n jáwọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí lọ́wọ́, òùngbẹ gbẹ mí, mo sì bu omi tí wọ́n fi orí ara wọn rù wálé nítorí ẹ̀yìn mi mu.

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún wọn mọ́. Kí Olúwa mú yín wálé láyọ̀. Èmi tí Màmá gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́mọ ọwọ́ ni kí ẹ gbàdúrà fún, kí ojú má tì mí mọ́ láti bá ọkọ mi rìn.

Àbúrò yín,
Sẹ̀gilọlá